Nọ́ńbà ìyá mi kékeré: ohun tí báǹkì rí, ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí, àti owó kajú tó gba àárín wọn lọ

Òkun o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kíra wa nílé ní Ìyàrá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òkun tó ní omi là ń pè.

Òwò kajú ni àbúrò ìyá mi ń ṣe níbẹ̀. Tí kajú bá ti ń bọ́ láti nǹkan bí oṣù kejì ọdún títí di oṣù karùn-ún, ẹ ò lè bá a nílé lọ́sàn-án. Á máa ra èso lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, á kó o sínú àpò, ọkọ̀ á wá gbé e. Orí fóònù ló ń gba owó rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn báǹkì o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà, tí owó ọwọ́ wọ́n bí ojú, ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà bíi tirẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba owó láìfojú rí i. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì kékeré ló ń lò, kóòdù oníràwọ̀ àti háàṣì nìkan ló mọ̀. Kò ní ohun tó ń jẹ́ app.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, fóònù yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Kabba. Kò ká a lára púpọ̀. Fóònù tí owó rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó ní òun á lọ gba SIM padà lọ́jọ́ Ajé. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, owó ti lọ. ₦98,000 kúrò ní aago mọ́kànlá àbọ̀ kọjá lálẹ́ Sátidé, ₦88,400 sì tẹ̀ lé e ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá òru. Ẹ wo bí olè yẹn ṣe mọ ìṣirò: ₦100,000 ni òfin gbà kí èèyàn fi kóòdù USSD ná lóòjọ́, àyàfi tó bá fọwọ́ síwèé fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ná ti ọjọ́ kan tán, ó dúró kí ọjọ́ yí, ó ná ti ọjọ́ kejì.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e kiri. Báǹkì sọ pé, "Mama, PIN tó tọ́ ni wọ́n fi ṣe é, orí nọ́ńbà yín ló sì ti wá." Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní SIM rẹ̀ rè é, wọ́n ti gbà á padà fún un, ti owó báǹkì kò kàn wọ́n. Ọlọ́pàá ní ká lọ mú ìwé àkáǹtì wá láti báǹkì. Báǹkì ní ká lọ mú ìwé ìbúra àti ìròyìn ọlọ́pàá wá. Báyìí la ṣe ń gun ọ̀kadà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, tí owó ọ̀kadà náà sì ń lé sí i. Kò sí ẹnikẹ́ni tó purọ́ fún wa nínú wọn. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ohun tí kálukú sọ, òótọ́ ni.

PIN ńkọ́? Ó ti tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù náà bíi nọ́ńbà èèyàn. Orúkọ tó fún un ni "Báǹkì". Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ lọ wo fóònù ìyá tiyín ná.

Àṣìṣe ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí òru Sátidé yẹn, ká wo ohun tí ẹ̀rọ lè rí.

Gbogbo fóònù ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, oní-15, tí wọ́n ń pè ní IMEI. Ẹ tẹ *#06# sórí tiyín, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀. SIM náà ní tirẹ̀, IMSI, tó yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí àwọn èèyàn fi ń pè yín. Tí ẹ bá tan fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ka IMSI kó lè mọ SIM tó wọlé, ó lè béèrè IMEI kó mọ fóònù tó gbé e wọlé, ó sì mọ òpó tí fóònù náà rọ̀ mọ́. Ká ní olè yẹn yọ SIM náà sínú fóònù mìíràn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á rí i pé SIM tó ti ń gbé inú fóònù kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́ta ti kó lọ sínú òmíràn. Tí ó bá jẹ́ pé ìlú mìíràn ló ti tẹ kóòdù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á rí ìyẹn náà.

Báǹkì kò rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ohun tí báǹkì rí yàtọ̀. Ó rí obìnrin tí kì í fi owó ránṣẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, tó wá jí lóru, tó ń tú àpò rẹ̀ dà sínú àkáǹtì tí kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí rí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ ìyẹn.

Ẹ so méjèèjì pọ̀. Fóònù tuntun, òru, àkáǹtì àjèjì, gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á sọ fún yín pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí ojú méjèèjì ti pàdé lóru yẹn.

Ṣé ẹ rò pé ìjọba kò mọ̀ ni? Ó mọ̀ dáadáa. Ní 2018, Báǹkì Àpapọ̀, CBN, gbé ìlànà jáde lórí kóòdù USSD. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé báǹkì kò gbọdọ̀ gbára lé nọ́ńbà fóònù nìkan láti mọ oníbàárà. Ó ní kí wọ́n máa lo àwọn nǹkan bíi IMSI, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ SIM, ọjọ́ tí wọ́n tún nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn, IMEI àti ọjọ́ tí fóònù yí padà. Nígbà tí mo ka ìwé náà, ṣe ló dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ìyá mi kékeré.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí CBN kà sílẹ̀ wọ̀nyẹn, inú ilé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n wà. CBN ló ń pàṣẹ fún báǹkì. Àjọ NCC ló ń pàṣẹ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ká tó lè ṣe ohun tí ìlànà náà sọ, ilé-iṣẹ́ aládàáni méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí àjọ ìjọba méjì sì gbà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ti nọ́ńbà tí wọ́n ń tún tà tilẹ̀ tún burú sí i. Tí ẹ kò bá lo SIM fún oṣù mẹ́fà, òfin gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láyè láti tì í. Tí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà. Bẹ́ẹ̀ àkáǹtì yín ṣì so mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáàpá lọ sí London, tí ẹ fi SIM ilé sínú àpótí, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ yìí o.

Kí wá ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń bá ara wọn sọ ní gbogbo ìgbà yìí? Ìjà owó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ ta ló máa sanwó USSD. Ní oṣù kẹta 2021, CBN àti NCC jókòó tì wọ́n, wọ́n fi owó náà sí ₦6.98 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Gbèsè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àwọn báǹkì jẹ wọ́n nígbà yẹn ti lé ní bílíọ̀nù 40 náírà. Ìjà ò tán. Ní oṣù kejìlá 2024, àjọ méjèèjì tún pa ohùn pọ̀ láti pàṣẹ. Ní oṣù kìíní 2025, NCC halẹ̀ pé àwọn máa já kóòdù báǹkì kan kúrò lórí ìlà tí wọn ò bá san gbèsè. Láti oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó náà nínú owó ìpè tó wà lórí fóònù wa. Bí ìjà ṣe parí nìyẹn: a san án.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Mozambique díẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ olówó. Níbẹ̀ náà, fóònù ni àwọn èèyàn fi ń náwó, àwọn olè sì ń pààrọ̀ SIM olówó láti kó owó rẹ̀. Àwọn báǹkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù jókòó pọ̀, wọ́n ṣe ohun kan tó rọrùn débi pé ó ń ya mi lẹ́nu. Tí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ẹ̀rọ báǹkì á bi ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ wọ́n pààrọ̀ SIM nọ́ńbà yìí láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta sẹ́yìn? Ìdáhùn á wá ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, owó kò ní lọ, àyàfi tí oníbàárà bá fojú ara rẹ̀ hàn. Ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ Kaspersky gbé jáde ní 2019 sọ pé jìbìtì irú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní àwọn báǹkì tó gbà á.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tó wà nínú "bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́" yẹn. Báǹkì kò mọ ibi tí ẹ sùn. Kò mọ ẹni tí ẹ pè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ iye tí ẹ fẹ́ ná. Wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láìtú àṣírí yín fún ara wọn. Ìyẹn ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa, torí àwa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá kó gbogbo nǹkan sínú ìkòkò kan. Láti oṣù kejìlá 2020 ni ìjọba ti ní ká so NIN mọ́ SIM. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n ti ìpè mọ́ nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 70 tí wọn ò tíì so. Gbogbo wa tò sórí ìlà nínú oòrùn. Nígbà tó fi máa di 2024, àjọ Paradigm Initiative fi hàn pé ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta ìsọfúnni NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ₦100. Ọgọ́rùn-ún náírà. Kò tó owó búrẹ́dì.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé wọn ò lè ṣe é níbí. Wọ́n ti ṣe é rí. Ẹ wo NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé owó láti báǹkì kan sí òmíràn. Láti 1993 ló ti wà, CBN àti àwọn báǹkì ló sì jọ ni ín. Òun ló fà á tí owó fi ń dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńlá kan ṣì ń dúró di ọjọ́ kejì. Ní oṣù kejì 2014, CBN àti ìgbìmọ̀ àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ BVN: nọ́ńbà oní-11, ìka ọwọ́ àti ojú yín, kan náà ní gbogbo báǹkì. Kó tó dé, olè tí wọ́n lé ní báǹkì kan lè lọ ṣí àkáǹtì tuntun ní èkejì pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Àwọn báǹkì kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ pé wọ́n ja àwọn lólè, ojú á tì wọ́n. BVN fipá mú wọn láti ní ìwé kan ṣoṣo. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ gidi nìyẹn.

Ti àwọn olè ńlá pàápàá, wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù kọkànlá 2020, Interpol kéde pé àwọn ti mú ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó nínú iṣẹ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Falcon. Ẹgbẹ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ti ń fi ímeèlì ẹ̀tàn wọ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ àti ti ìjọba ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ọlọ́pàá Nàìjíríà nìkan kọ́ ló wá wọn rí o. Group-IB, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, ló ń tọ ipasẹ̀ wọn lórí ẹ̀rọ, tó fi ohun tó rí lé Interpol lọ́wọ́, tí Interpol sì gbé e fún ọlọ́pàá wa. Ní oṣù kejìlá 2021 wọ́n tún ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, ilé-iṣẹ́ Palo Alto Networks dara pọ̀, wọ́n mú èèyàn 11. Nínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, wọ́n bá ìsọfúnni ìwọlé tó lé ní 800,000. Ní 2022, wọ́n gbé ẹni tí wọ́n fura sí pé ó jẹ́ olórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Wọ́n ti ń ṣọ́ ọ lórí ẹ̀rọ kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Mo ka èyí, inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Wọ́n lè so ímeèlì kan ní Èkó mọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní òdìkejì ayé. Láàárín Ìyàrá àti Kabba, ìwé ìbúra ni wọ́n ní ká gbé kiri. Ilé-iṣẹ́ ńlá lówó láti ra ojú tó ń ṣọ́ wọn. Ìyá mi kékeré kò ní.

Ìjọba kúkú gbìyànjú láti gba owó ààbò náà lọ́wọ́ wa. Ẹ ó rántí oṣù karùn-ún 2024. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní 2015, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, dá àpò owó kan sílẹ̀ lábẹ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin náà dárúkọ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, báǹkì, iléeṣẹ́ adójútòfò àti ọjà ìpín ìdókòwò. Nígbà tí CBN kọ̀wé ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, orí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ló gbé e lé: ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦500 lórí ₦100,000. Ariwo ta. Àwọn òṣìṣẹ́ bínú, ọlọ́jà bínú, àwa orí íntánẹ́ẹ̀tì bínú jù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, CBN ti fa ìwé rẹ̀ yọ.

Mo bá wọn pariwo nígbà yẹn, mi ò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí ariwo wa kò dáhùn: ta ló yẹ kó san án? Nítorí ẹnì kan ń san án báyìí. Abala 19 nínú òfin 2015 yẹn sọ pé báǹkì gbọ́dọ̀ dáàbò bo oníbàárà rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ó wá fi kún un pé tí olè bá wọlé, oníbàárà ló máa fi ẹ̀rí hàn pé báǹkì ì bá ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn lé ìyá mi kékeré lórí. Òun, pẹ̀lú fóònù onítọ́ọ̀ṣì, ni kó fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀rọ báǹkì ì bá ti béèrè IMEI lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yí i po. Láti ọjọ́ keje oṣù kẹwàá 2024, tí olè bá tan èèyàn jẹ débi tó fi owó ránṣẹ́ sí i, báǹkì gbọ́dọ̀ dá owó náà padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, títí dé £85,000. Báǹkì tó rán owó á san ìdajì, báǹkì tó gba owó fún olè á san ìdajì. Tí wọn ò bá fẹ́ san, àwọn ló máa fi ẹ̀rí hàn pé oníbàárà kò bìkítà rárá. Òótọ́ ni pé ti SIM jíjí kọ́ ni òfin yẹn ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: tí báǹkì méjì bá mọ̀ pé àwọn jọ máa sanwó, wọn ò nílò ìpàdé kankan kí wọ́n tó máa pe ara wọn. Èrò tèmi ni pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti báǹkì tiwa bá jọ máa san ₦186,400 yẹn, ìbéèrè "bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́" ti Mozambique á ti wà ní Kabba kí kajú tó tún so.

Kó tó di ìgbà yẹn, nǹkan méjì tí mo ti ṣe sí fóònù rẹ̀ tuntun, tí ẹ lè ṣe sí ti ìyá yín lálẹ́ òní. Mo fi PIN sórí SIM fúnra rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ti fóònù àti ti báǹkì. Inú ètò ààbò fóònù ló wà, ẹ béèrè nọ́ńbà tó bá SIM wá lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí tí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti nìyẹn, ẹ ó máa wá PUK. Ẹni tó bá jí SIM bẹ́ẹ̀ sínú fóònù mìíràn, kò ní lè ṣí i. Èkejì, mo kọ kóòdù tí báǹkì rẹ̀ fi ń ti àkáǹtì pa sórí ògiri yàrá rẹ̀. Fóònù ẹnikẹ́ni ló lè fi tẹ ẹ́, kò pọn dandan kó jẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni fóònù sọnù, òru Sátidé ni owó lọ. Ọjọ́ kan gbáko ló wà láàárín, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí.

Ó bi mí pé tí òun bá wá gbàgbé PIN tuntun yìí ńkọ́. Mo ní kó fi ọdún tó kọ́kọ́ ta kajú ṣe é. Ó wò mí, ó ní gbogbo Ìyàrá ló mọ ọdún yẹn. A wá òmíràn.

Báǹkì tó gba owó náà ti dá ₦11,200 tó kù nínú àkáǹtì yẹn dúró. Wọ́n ní kó tó lè jáde, àfi àṣẹ ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti òun ń padà lọ sí Kabba.